Ẹ Bi Mí: Àlejò tó ń kọrin lórí ìtàgé Kòríà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nínú èyí tó jáde kọjá ni mo ti fẹnu ba eré olórin ará Kòríà tí wọ́n ń pè ní Maybe Happy Ending, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Seoul ní 2016 tó wá lọ gba àmì ẹ̀yẹ Tony 6 ní New York ní June 2025. Mo rò pé mo ti sọ ọ́ tán, àṣé ẹnu ọ̀nà ni mo ṣì dúró sí. Lẹ́tà yín ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi, èyí tó sì yà mí lẹ́nu ni pé ẹ ò tiẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì méjì tó wà nínú eré yẹn, ọ̀rọ̀ èèyàn lẹ ń béèrè, àwọn tó filé sílẹ̀ lọ sí Kòríà lọ wá oúnjẹ òòjọ́, pé ṣé eré àwọn ará Kòríà tiẹ̀ ń rí irú wọn rárá. Márùn-ún ni mo mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí n ò bá dá lóhùn kó má bínú.

Lẹ́tà kìíní, láti Ìsòkun, Iléṣà

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Mo bẹ̀ ọ́, má kọ orúkọ mi síbẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Kòríà, ìwé ló lọ kà, ọdún kejì ẹ̀ rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, àwọn èèyàn kan ń kọrin níbi tí wọ́n ti ń sá aṣọ, ó ní eré àwọn àlejò ni, ó ní òun lọ wò ó òun sì sunkún. Mo wò ó títí, n ò gbọ́ èdè wọn, aṣọ tí wọ́n ń sá nìkan ni mo rí. Kí ló wà nínú aṣọ sísá tó ń pa ọmọ mi lẹ́kún? Àbí wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀ tí kò fẹ́ sọ fún mi?

Ìdáhùn

Màmá, ẹ kú àárò ọmọ o. Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Mo mọ eré yẹn dáadáa, Ppallae lorúkọ ẹ̀, aṣọ fífọ̀ náà nìtumọ̀ ẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Chu Min-ju ló kọ ọ́, Min Chan-hong ló ṣe orin ẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n fi jáde yunifásítì ni wọ́n kọ́kọ́ pè é ní 2003, nígbà tó fi máa di 2005 ó ti di eré gidi tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, látìgbà yẹn sì ni wọ́n ti ń ṣe é lọ ṣe é bọ̀ ní Daehangno, àdúgbò kan ní Seoul tí tíátà kéékèèké tó lé ní 100 wà lójú kan. Ẹ fojú inú wò ó, ọgọ́rùn-ún tíátà ní àdúgbò kan.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ Na-young. Gangwon ló ti wá, ìyẹn apá ìlà-oòrùn ibi tí òkè pọ̀ sí, ó wá ṣiṣẹ́ ní Seoul, ó ń ta ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kan tí ọ̀gá wọn ò láàánú, ó gba yàrá kékeré lórí òkè ní àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù. Solongo ń gbé ní ilé tó tẹ̀ lé e, ọmọ Mòǹgólíà ni, fátórì ló ń bá ṣiṣẹ́, òṣùmàrè ni orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí lédè wọn. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe pàdé. Na-young lọ sá aṣọ lórí dẹ́kìn, atẹ́gùn gbé ọ̀kan nínú ẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Solongo. Ọ̀kan dúró lórí òrùlé tibí, ìkejì dúró lórí tọ̀hún, aṣọ tútù lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe tiẹ̀, ojú ń ti àwọn méjèèjì, ibẹ̀ ni ẹ ǹlẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìbọn, kò sí ọba, kò sí iwin, aṣọ ni.

Màmá, ẹni tá a bá jọ ń sá aṣọ sórí okùn kan, ṣé èèyàn lè pè é ní àjèjì mọ́? A ti mọ síńgílẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tó ti lu, a ti mọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí ọmọ ẹ̀ tọ̀ sí. Ìyá onílé inú eré yẹn, ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ, gbogbo ayálégbé ló ń sá fún un, àṣé ó ní ọmọbìnrin kan tó jẹ́ aláàbọ̀ ara tó fi pa mọ́ sínú yàrá láti ọjọ́ pípẹ́, aṣọ ìdọ̀tí ọmọ yẹn tó ń fọ̀ lójoojúmọ́ ló tú àṣírí ẹ̀ fáwọn ará ilé. Lójú tèmi, ohun tó ń pa èèyàn lẹ́kún nínú eré yìí ni pé Na-young tó jẹ́ ọmọ Kòríà pọ́ńbélé, àlejò lòun náà ní Seoul. Orin kan wà tí wọ́n fi ń bi ara wọn pé ọdún mélòó lo ti lò ní ìlú yìí, oníkálukú á máa ka tiẹ̀, ọmọ oko ń kà, ọmọ Mòǹgólíà ń kà, kò sẹ́ni tó lè nawọ́ sí ẹnì kejì ẹ̀ pé ìwọ ni kó o máa lọ.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló sì yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń sọ yìí. Bàbá yín àgbà tàbí ẹnì kan nínú agbo ilé yín á ti ṣe òṣómàáló rí. Kò síbi tí wọn ò gbé aṣọ dé nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n á tà á láwìn, ọjọ́ owó bá pé wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi, bí orúkọ yẹn ṣe wáyé nìyẹn. Àwọn ará ìlú fi wọ́n kọrin, wọ́n fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbowó wọn. Solongo ò lè lóṣòó. Ọ̀gá ẹ̀ ò san owó oṣù fún un, tó bá sì lọ pariwo lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, físà ẹ̀ ti kú, ìmígíréṣọ̀n á wá gbé e. Bébà kan ṣoṣo ló wà láàrin òun àtàwọn bàbá yín.

Wọn ò fi orí ro ìyẹn o. Láti 1993 ni Kòríà ti ń kó èèyàn wọlé lábẹ́ ètò kan tó ń pè wọ́n ní akọ́ṣẹ́, wọn ò pè wọ́n ní òṣìṣẹ́, torí náà òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ò bò wọ́n dáadáa, owó wọn kéré, ọ̀pọ̀ wọn sá lọ síbi tówó ti jọ owó, ọjọ́ tí wọ́n sì sá ni bébà wọn bàjẹ́. Ètò tuntun wá bẹ̀rẹ̀ ní August 2004, ṣùgbọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀ ni ìjọba ti ń ṣa àwọn tí bébà wọn bàjẹ́ káàkiri kí wọ́n lè dá wọn padà sílé, ni àwọn àlejò yẹn bá lọ pàgọ́ sí kàtídírà Myeongdong ní àárín Seoul ní November 2003, wọ́n jókòó síbẹ̀ ó lé lọ́dún kan. Ẹ ò rí i pé wọ́n padà lóṣòó náà ni. Ọdún 2003 yẹn kan náà ni Ppallae kọ́kọ́ hù nílé ìwé.

Ní ti ọmọ yín, akẹ́kọ̀ọ́ ni, bébà tiẹ̀ ò jọ ti Solongo, ẹ má jẹ́ kí oorun dá lójú yín. Àmọ́ ẹ pè é. Ẹ má bi í pé ṣé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́, á ní rárá ni, bọ́mọ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ bi í pé ibo ló ń sá aṣọ ẹ̀ sí, àti pé ta ló ń sá tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Lẹ́tà kejì, láti Mọdákẹ́kẹ́

Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì máa ń ka ojú ewé rẹ yìí déédéé. Ìbéèrè mi ò gùn. Ṣé ẹni tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ nìkan ni wọ́n ń pè ní àlejò nínú eré wọn? Mo ń béèrè torí pé níbí, èdè kan náà là ń sọ, ọbẹ̀ kan náà là ń jẹ, ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí àwọn baba ńlá wa ti Ọ̀yọ́ dé síbí, síbẹ̀ àwọn èèyàn mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní àtìpó.

Ìdáhùn

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ohun tẹ́ ẹ béèrè yìí gan-an ló bí èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn eré yẹn. Kim Min-ki ló gbé e jáde ní 1994 ní Hakchon, tíátà kékeré tó dá sílẹ̀ ní Daehangno. Kim Min-ki yìí, olórin ni, nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ìjọba ológun fòfin de orin ẹ̀, torí náà ó ti mọ bó ṣe máa ń rí kí wọ́n ní kéèyàn panu mọ́. Jihacheol 1 Hoseon ló pe eré náà, ìyẹn Ọ̀nà Kìíní, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ tó gba inú Seoul kọjá.

Jámánì ló ti mú ìtàn ẹ̀. Volker Ludwig ló kọ ti àkọ́kọ́ fún tíátà GRIPS ní Berlin ní 1986, ọmọbìnrin kan láti ìgbèríko ló wá Berlin wá olólùfẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ olórin, ó wọ rélùwéè, ó ń pàdé oríṣiríṣi èèyàn. Ẹlòmíì ì bá kàn sọ ọmọ náà di ọmọ abúlé Kòríà kan kó sì máa bá tiẹ̀ lọ. Kim ò ṣe bẹ́ẹ̀, ó sọ ọ́ di ọmọ Yanbian, ibẹ̀ ni ọgbọ́n ẹ̀ wà.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni Yanbian wà, ní ẹ̀bá ààlà Kòríà Àríwá, ṣùgbọ́n ọmọ Kòríà pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Àwọn baba ńlá wọn sọdá odò Tumen nígbà tí ìyàn mú, àwọn míì sá fún àwọn ará Jàpáàn lẹ́yìn náà. Wọ́n pa èdè wọn mọ́, wọ́n pa oúnjẹ wọn mọ́, wọ́n ń sọ fọ́mọ wọn pé ilé wà níbì kan. 1992 ni Ṣáínà àti Kòríà Gúúsù tó di ọ̀rẹ́ lójú òfin, ọ̀nà bá là, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wálé. Wọ́n dé Seoul, wọ́n lanu báyìí, ohùn wọn tú wọn fó, àwọn ará ilé ní ẹ̀yin ará Ṣáínà yìí, kí lẹ wá ṣe. Nínú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àti ibi iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn bọ́ sí. Bàbá, ìyẹn máa ń dùn mí ju ti Solongo lọ, torí Solongo ò retí pé kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ọmọ bàbá.

Òṣèré 11 péré ló ń ṣe gbogbo èèyàn inú eré yẹn, ẹni tó ṣe aláìríṣẹ́ báyìí, ó wọlé, ó pa fìlà dà, ó jáde ó ti di oníwàásù inú rélùwéè. Ọmọ Yanbian yẹn nìkan ni kì í pààrọ̀, ojú ẹ̀ la fi ń wo ìlú. Ó tó ìgbà 4000 tí wọ́n ṣe é kó tó kọ́kọ́ dúró ní 2008, Ludwig fúnra ẹ̀ sì mọyì ohun tí Kim fi ìtàn òun ṣe débi pé lẹ́yìn ìgbà 1000 ní 2000 ó ní òun ò gba owó lórí ẹ̀ mọ́. Hakchon ti ilẹ̀kùn ní March 2024, Kim náà sì papò dà ní July ọdún yẹn. Ọjọ́ tí mo gbọ́, n ò lè ṣe nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ ilé tiwa tẹ́ ẹ fà yọ, Bàbá, n ò ní tẹ egbò ẹnikẹ́ni. Àmọ́ mo máa ń rò ó tí mo bá wọ ọkọ̀ láti Mọdákẹ́kẹ́ sí Lágere, tí dírẹ́bà ń gbówó, tí ìyá kan gbé agbọ̀n tòmátì sórí ẹsẹ̀ mi, pé tí ẹnì kan bá fi ọmọbìnrin kan sínú ọkọ̀ yìí lórí ìtàgé, tó kàn ń wá ilé ẹni tó fẹ́ràn, tí gbogbo ọkọ̀ sì ń fetí sí ohùn ẹ̀ kí wọ́n lè mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti wá, ogún ìṣẹ́jú tọ́kọ̀ yẹn fi ń rìn, eré ńlá ni.

Lẹ́tà kẹta, láti Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹnì kan ní òun lè bá mi ṣe físà fátórì ní Kòríà, irú èyí táwọn ọmọ Mòǹgólíà yẹn fi ń lọ. Ó ní kí n mú owó wá kóṣù yìí tó parí. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn

Má san kọ́bọ̀, àbúrò. Ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004 tí mo sọ lókè yẹn, ìjọba sí ìjọba ni, orílẹ̀-èdè tí Kòríà bá bá tọwọ́ bọ̀wé nìkan ló ń mú èèyàn, bíi Mòǹgólíà, Filipíìnì, Vietnam, Nepal, Bangladesh, Sri Lanka àtàwọn míì nílẹ̀ Éṣíà lọ́hùn-ún, Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Àwọn tó tiẹ̀ ń gba ibẹ̀ lọ, ìdánwò èdè Kòríà ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, tí wọ́n bá sì débẹ̀ wọn ò lè déédéé kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan lọ sọ́dọ̀ ìkejì láìjẹ́ pé ọ̀gá yẹn yọ̀ǹda wọn tàbí kí wọ́n rí ẹ̀rí ìyà tó fi jẹ wọ́n. Ẹni tó bá ní òun á ti Lágere fi ètò yẹn gbé ọ lọ, irọ́ ló ń pa, fowó ẹ pa mọ́.

Lẹ́tà kẹrin, láti Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀

Àǹtí wa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ ọmọ Kòríà, wọ́n ti bímọ, ọmọ náà ti ń lọ síléèwé níbẹ̀. Tó bá dàgbà tó lọ wo eré, ṣé ó máa rí ẹni tó jọ ọ́ níbẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ kú oríire ọmọ o. Tó bá jẹ́ nínú ìwé ìròyìn àti lórí tẹlifíṣọ̀n ni, á rí i. Han Hyun-min wà, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá ẹ̀, ìyá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Kòríà, wọ́n bí i ní 2001, iṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe, ìwé ìròyìn Time fi í sára àwọn ọ̀dọ́ 30 tí ọ̀rọ̀ wọn ń tà lágbàáyé ní 2017. Lórí ìtàgé olórin, ibẹ̀ ṣì kù díẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni Wandeugi. Ìwé ìtàn ni tẹ́lẹ̀, ó jáde ní 2008, wọ́n fi ṣe fíìmù ní 2011, wọ́n wá sọ ọ́ di eré olórin ní 2012. Ọmọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, òun àti bàbá ẹ̀ ń gbé yàrá orí òrùlé, ìjà ló ń jà káàkiri, tíṣà ẹ̀ tó ń gbé lódìkejì ló wá sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ìyá ẹ̀ wà láyé, ará òkèèrè ni, ọmọ Vietnam ni nínú ìwé, nínú fíìmù wọ́n sọ ọ́ di ọmọ Filipíìnì. Jasmine Lee tó ṣe ìyá yẹn nínú fíìmù, ọmọ Filipíìnì ni lóòótọ́, ó sì wọ ilé aṣòfin Kòríà ní 2012, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ọmọ bíbí ibẹ̀ tó débẹ̀.

Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, ṣùgbọ́n màá sọ ibi tó ti ń dùn mí. Ti ọmọ ni ìtàn yẹn, kì í ṣe ti ìyá. Ìyá dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé oúnjẹ wá, ó ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bá ọmọ tó bí sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọ olówó ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe láti ọdún gbọọrọ tí kò fi rí ọmọ yẹn. Tálejò ò bá fẹ́ ọmọ Kòríà tàbí kó bí ọmọ fún un, ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó máa fún un lórin kọ. Solongo gan-an, ọpẹ́lọpẹ́ pé ó nífẹ̀ẹ́ Na-young. Òfin wọn náà rí bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní 2008 fún ìdílé tó ní àṣà púpọ̀, ìdílé tí ọmọ Kòríà bá wà nínú ẹ̀ ló ń ràn lọ́wọ́, tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ òṣìṣẹ́ láti Nepal, òfin yẹn ò ka tiwọn sí ìdílé. Damunhwa ni wọ́n ń pe àṣà púpọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iléèwé ti sọ ọ́ di orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọmọ bíi ti ẹ̀gbọ́n yín, wò ó, damunhwa ń bọ̀. Ní ìparí 2023, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 ààbọ̀ àjèjì ló ń gbé ní Kòríà láàrin èèyàn tó tó mílíọ̀nù 51. Ìyẹn ju kí èèyàn kàn máa dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó fi Yorùbá kọ́ ọmọ yẹn lórin. Ọmọ tó bá ti ní orin tiẹ̀, á mọ ohun tó máa kọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún un ní ìtàgé.

Lẹ́tà karùn-ún, láti yunifásítì, Ilé-Ifẹ̀

Àǹtí, ẹ káàsán mà. Dramatic Arts ni mò ń kà. Mo gbọ́ pé ọmọ Kòríà náà ló ń ṣe Solongo, wọn ò mú ọmọ Mòǹgólíà. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Mò ń bi yín torí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń gbèrò eré kan nípa àwọn Hausa tó ń gbé ní Sábó, Yorùbá sì ni gbogbo wa.

Ìdáhùn

Òótọ́ lo gbọ́. Ní 2009, Im Chang-jung àti Hong Kwang-ho ló ṣe Solongo, olórin ńlá ni àwọn méjèèjì, ọmọ Kòríà sì ni wọ́n. Ní 2015 wọ́n ṣe In the Heights ní Seoul, ìtàn àwọn àtìpó láti Dominican Republic àti Puerto Rico tó wà ní New York, ọmọ Kòríà ló ṣe gbogbo ẹ̀, àwọn olórin K-pop wà nínú wọn.

Má yára dá wọn lẹ́bi o, torí ilé wa ni ó ti ń jò jù. Alárìnjó wa nínú eégún apidán, kí ni wọ́n ń ṣe láyé àtijọ́? Wọ́n á gbé ìbòjú Tápà wọ̀, wọ́n á gbé ti òyìnbó pẹ̀lú imú gígùn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ nímú, ọjà á dàrú fún ẹ̀rín. Òyìnbó tí wọ́n ń ṣe jẹ́ alágbára nígbà yẹn, ẹ̀rín yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n a ti gbé ìbòjú yẹn kúrò lójú alágbára, a gbé e lé mai-gaadi lórí. Gbogbo fíìmù wa, tí géètì bá ti wà, ẹni tó máa ṣí i á kálòlò Yorùbá, a ó rẹ́rìn-ín.

Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, iléèwé girama kan níbí ní kí n wá bá àwọn ṣètò eré òpin ọdún. Mai-gaadi wà nínú ẹ̀. Ọmọ gíga kan mú un, ó yí ahọ́n padà, gbogbo kíláàsì fẹ́ẹ̀ dojú bolẹ̀ fún ẹ̀rín. Ọmọ Sábó kan wà lẹ́yìn tó ń bá wa lu gángan, mo ní kó wá ka apá yẹn wò. Ó dìde, ó fi ìlù sílẹ̀, ó kà á, ohùn Ifẹ̀ tó dùn tó mọ́ bíi ti ọmọ Ìlódè ló jáde lẹ́nu ẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá ẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà wọn ní báyìí ò pani lẹ́rìn-ín, ẹ dá a padà fún ti àkọ́kọ́. Mo dá a padà. Ọmọ yẹn ká bébà náà sí mẹ́rin, ó kì í bọ àpò, ó padà sídìí ìlù ẹ̀, kò sì lù ú dáadáa mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé mo ṣe ohun tí kò dáa, n ò sì tíì gbàgbé.

Ìdí tí mo fi gba ti Ppallae nìyẹn láìka gbogbo ẹ̀ sí. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, èdè Kòríà tí Solongo ń sọ ní àmì àjèjì lára, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá bọ́ sórin, ahọ́n ẹ̀ tú, ohun tó ń kọ ga, ó jinlẹ̀, gbogbo ilé dákẹ́ ń gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń fi orin ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Tí Hausa inú eré yín bá ń kálòlò látìbẹ̀rẹ̀ dópin tó wá jẹ́ Yorùbá nìkan ló ń kọrin, ẹ má ṣe é.

Ilé yín náà lẹ ti máa rí ọ̀nà ẹ̀, ẹ má lọ jìnnà. Ọlá Rótìmí, òǹkọ̀wé eré tó ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ nígbà ẹgbẹ́ eré Orí Olókun, ọmọ Yorùbá ni bàbá ẹ̀, ọmọ Ìjọ̀ ni ìyá ẹ̀, nínú Hopes of the Living Dead ó kó àwọn adẹ́tẹ̀ láti ẹ̀yà oríṣiríṣi jọ, oníkálukú ń sọ èdè tiẹ̀ lórí ìtàgé, ẹnì kan á túmọ̀ fún ẹnì kejì, eré ò sì dúró. Wá a lọ ní láíbúrérì, kà á kó o tó kọ gbólóhùn kan.

Lẹ́yìn ẹ̀, lọ sí Sábó. Má mú ìwé àti bírò dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ra súyà, jókòó, kí àwọn àgbà. Béèrè ẹni tó lè kọrin, ọ̀dọ́ pọ̀ níbẹ̀ tó mọ orin Hausa tó tún mọ orin Ifẹ̀ ju ẹ̀yin gan-an lọ. Jẹ́ kó kọ́kọ́ kọ ọ́ lédè ìyá ẹ̀, kí Yorùbá tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá ti mú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe é, ẹ kọ̀wé sí mi, màá wá, màá sì mú onílù kan dání tó ti yẹ kó kúrò lẹ́yìn látọjọ́ pípẹ́, tí mo bá rí i.